Ẹ̀rọ Kógbá Sílé, Orúkọ Kò Lọ: Àpótí Rédíò Oníwáyà Ìlú Accra àti Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ ní Kíláàsì Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mu púpọ̀. Ẹ̀rọ kan lè wà tí kò bàjẹ́, tí kò dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Síbẹ̀, bí òmíràn tí ó rọrùn jù ú lọ bá dé, wọ́n á gbé ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku á sì bò ó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọdé kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ oníṣòwò àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, tí kò kan olùkọ́ èdè. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìdí méjì. Èkíní ni pé ẹ̀rọ tí ó ti kógbá sílé máa ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú èdè, orúkọ náà sì jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ náà ti wò ó. Èkejì ni pé ẹ̀rọ àtijọ́ lè máa ṣe iṣẹ́ kan fún èdè tí ẹnikẹ́ni kò kà sí iṣẹ́, tí ẹ̀rọ tuntun kò sì ní gbà ṣe. Àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò ni àpótí rédíò oníwáyà tí ó wà ní ìlú Accra láti ọdún 1935, èyí tí irú rẹ̀ wà ní Èkó àti Ìbàdàn pẹ̀lú, tí àwọn ará ìlú ń pè ní rẹdifúṣọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni ìlànà ìkọ́ni tí olùkọ́ lè mú lò ní kíláàsì yóò tẹ̀ lé e.

Àpótí tí kò ní ju ohùn kan lọ

Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ rédíò kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Accra, tí í ṣe olú-ìlú Gold Coast nígbà náà. ZOY ni àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Gómìnà Arnold Hodson ni ó wà nídìí ìdásílẹ̀ rẹ̀. Òun náà ni ó ti ṣe irú rẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1934 nígbà tí ó jẹ́ gómìnà Sierra Leone. Nǹkan bí 300 ilé ni ó kọ́kọ́ gba ohùn náà ní Accra. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé. Ní ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ń gba ohùn tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn á sọ ohùn náà di alágbára, wọ́n á wá tì í sínú wáyà tí ó gba orí òpó kọjá láti àdúgbò dé àdúgbò, títí yóò fi wọ inú ilé àwọn tí ó ń san owó oṣù. Ohun tí ó wà nínú ilé kò ju àpótí kékeré kan lọ, tí ó ní ibi tí ohùn ti ń jáde àti bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ń mú ohùn náà ròkè tàbí kí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Kò ní ibi tí ènìyàn ti lè yí i sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn nínú wáyà náà. Kò lo bátìrì. Ilé tí kò ní iná mànàmáná pàápàá lè ní in, nítorí pé inú wáyà kan náà ni agbára àti ohùn jọ ń gbà wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ẹnu àpótí náà kan, nítorí ohùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n sì ń pín kiri. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó yí i padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn Gold Coast gbọ́ ìròyìn ogun, kí wọ́n sì dúró tì wọ́n, wọ́n sì rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ṣe é. Báyìí ni èdè Twi, Fante, Ga àti Ewe ṣe wọ inú wáyà náà, tí Hausa sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ó yá, Nzema àti Dagbani dara pọ̀, wọ́n sì ka Twi àti Fante pọ̀ mọ́ Akan. Èdè Ghana mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, GBC, wá di mímọ̀ fún nìyí: Akan, Ga, Ewe, Nzema, Dagbani àti Hausa.

Èdè Yorùbá kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò Yorùbá sì pọ̀ ní Accra àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Ghana lásìkò náà. Yorùbá tí ó bá jókòó nídìí àpótí náà ń fi etí gba èdè ẹlòmíràn ni. Kókó yìí yóò wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan kíláàsì.

Ìdí tí àpótí náà fi kógbá sílé

Kò sí ẹni tí ó lé àpótí oníwáyà jáde. Ohun tí ó rọrùn jù ú lọ ni ó dé. Ní ọdún 1947, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tirasísítọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1954, rédíò tí ó ń lo tirasísítọ̀ ti dé ọjà níbẹ̀. Bátìrì ni rédíò yìí ń lò. Àgbẹ̀ lè gbé e lọ sí oko, darandaran lè gbé e kọ́ èjìká, obìnrin sì lè gbé e ka iwájú àtẹ rẹ̀ lọ́jà. Kò nílò òpó, kò nílò wáyà, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba owó oṣù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1957, àwọn ará Ghana fúnra wọn to irú rédíò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìlú Tema, nítòsí Accra, wọ́n sì fún un ní orúkọ Akan: Akasanoma.

Ní tòótọ́, àpótí oníwáyà ní àléébù. Ìlú ńlá ni ó mọ̀. Kò lè dé abúlé tí òpó kò dé. Bí ìjì bá ja wáyà, odindi àdúgbò ni yóò dákẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ìjọba bá fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ nìkan ni ó ń sọ. Rédíò tirasísítọ̀ fún olùgbọ́ ní òmìnira láti yan ohùn tí ó wù ú, ní ìlú rẹ̀ tàbí ní òkèèrè. Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí.

Òmìnira náà tún gbòòrò sí i lẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ Ghana ti ọdún 1992. Ní ọdún 1994, Radio Eye gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́ ní Accra láìgba àṣẹ, ìjọba sì tì í pa láìpẹ́. Ní ọdún 1995 ni Joy FM bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, Peace FM dé, ó sì fi èdè Akan ṣe èdè àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ó ti gbilẹ̀ tó fi hàn pé èdè abínibí lè gbé ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi dé ibẹ̀, àpótí oníwáyà ti di ohun ìtàn.

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí iṣẹ́

Nígbà tí ẹ̀rọ kan bá gba ipò òmíràn, àwọn ènìyàn máa ń ka èrè rẹ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n máa ń béèrè pé kí ni ti àtijọ́ ń ṣe tí èyí kò ṣe. Ní ti àpótí Accra, ìdáhùn wà nínú àléébù rẹ̀ gan-an. Nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ni ó wà nínú wáyà, àwọn èdè ní láti máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Bí ìròyìn èdè Ga bá parí, ti Ewe lè tẹ̀ lé e. Bí Ewe bá sọ̀kalẹ̀, Hausa lè gòkè. Gbogbo wọn ni ó ń wọ ilé kan náà láti inú àpótí kan náà. Ọmọ Ga tí ó ń dúró de ètò èdè rẹ̀ lè gbọ́ ìkíni Ewe, orúkọ àwọn ọjọ́ ní Akan àti bí Hausa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní òun ń kọ́ ọ.

Kò yẹ kí wọ́n sọ èyí di àsọdùn. Bọ́tìnnì wà lára àpótí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè pa á lẹ́nu mọ́. Àmọ́ àǹfààní náà wà. Èdè aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, èdè tí àwọn elédè rẹ̀ kéré sì ń gba ẹnu àpótí kan náà tí èdè tí ó pọ̀ ń gbà.

Lónìí, èdè kọ̀ọ̀kan lè ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ga, tí í ṣe èdè onílẹ̀ ní Accra, ní Obonu FM tí GBC ń darí. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ́ Ga kò ní ìdí láti yí ìlà rẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Akan sì ti gbòde kan ní ọjà àti nínú ọkọ̀ èrò ní ìlú náà. Olúkúlùkù ń gbọ́ èdè tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ alágbèéká tún wá mú un le sí i, nítorí pé etí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Accra ni ó rí ní Èkó àti ní Ìbàdàn: òbí lè máa gbọ́ ìròyìn Yorùbá nínú yàrá, kí ọmọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ kí ó di ohùn mìíràn sí etí, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má sì kọjá láti ọ̀dọ̀ èkíní sí èkejì.

Ohun tí ó sọnù, nígbà náà, ni ètò tí ó wà nínú àpótí náà: ètò ìgbọ́ràn àjọgbọ́ àti ètò kí èdè máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Wáyà àti òpó kò ní padà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sunkún wọn. Ètò náà kò nílò wáyà kí ó tó padà wá. Olùkọ́ lè dá a sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Ohun tí ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀ nínú èdè ni ó kàn. Orúkọ méjì ni àwọn Yorùbá fún un. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, rẹdifúṣọ̀n, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ẹ̀rọ náà lọ. Èkejì ni wọ́n fi ọgbọ́n inú èdè ṣẹ̀dá: asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí ni ó kọjá láti orí àpótí oníwáyà sí orí rédíò oníbátìrì, tí ó sì wà títí di òní.

Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ nìyí: a- + sọ + ọ̀rọ̀ + má + gbà + èsì. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ń tọ́ka sí ẹni tàbí ohun tí ó ń ṣe nǹkan. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ ìṣe jẹ́ ní ‘sọ ọ̀rọ̀’ láti di ‘sọ̀rọ̀’. Má ni ó mú ìtumọ̀ ìyísódì wọlé. Ọ̀rọ̀ ìṣe ‘gbà’ ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn náà di ti àárín, ‘gba èsì’, kí fáwẹ̀lì tó jẹ́ láti di ‘gbèsì’. Àpapọ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba ìdáhùn’.

Akan wo irú ẹ̀rọ kan náà, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀. Nínú akasanoma, ‘kasa’ ni sísọ̀rọ̀, ‘anoma’ sì ni ẹyẹ. Ẹyẹ tí ó ń sọ̀rọ̀ ni rédíò jẹ́ lójú Akan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ méjèèjì tó ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Akan wo ìyanu rẹ̀: ohun tí kì í ṣe ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Yorùbá wo ìwà rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ ti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà Yorùbá yóò mọ ìdí tí ìwà yìí fi hàn sí wọn kíákíá. Ìkíni Yorùbá kò pé láìsí ìdáhùn. Apàlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ bí ó bá pe ‘Ààlọ́ o!’ tí kò gbọ́ ‘Ààlọ̀!’ Olórin ní elégbè. Olùgbọ́ jẹ́ alábàákẹ́gbẹ́ nínú ọ̀rọ̀, ipa tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀. Nígbà tí àpótí kan wá jókòó sí orí ògiri, tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí ilé ìjọba sọ̀rọ̀ láìbéèrè ohun tí onílé rò, orúkọ tí wọ́n fún un ní àkíyèsí, bóyá ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú, nínú.

Ọgbọ́n mìíràn wà níhìn-ín. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ FM ní Accra àti ní ilẹ̀ Yorùbá ń gba ìpè láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́. Ẹni tí ó wà ní ilé lè pe ilé-iṣẹ́, kí ó bá olóòtú jiyàn, kí gbogbo ìlú sì gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀nà tí ó rọrùn nìyí láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìtumọ̀ tí àwọn elédè ń lò ó fún lónìí lọ́tọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́ ju ẹ̀rọ wọn lọ

Asọ̀rọ̀mágbèsì ní ẹlẹgbẹ́. Àwo ni ohun tí wọ́n ń fi jẹun. Nígbà tí gíráńmafóònù dé, ohun pẹrẹsẹ tí ó rí roboto tí orin wà nínú rẹ̀ di àwo orin. Lónìí, olórin lè gbé orin rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ohun kan tí ọwọ́ lè dì mú, ṣùgbọ́n wọn á ṣì sọ pé ó gbé àwo tuntun jáde. Fọ́nrán ni òwú tàbí ohun tín-ín-rín tí ó gùn. Ọ̀rọ̀ náà bá téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì mu. Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, àwọn oníròyìn sì ń pe àwòrán tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ alágbèéká yà ní fọ́nrán fídíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú kankan kò sí nínú rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn yóò pe ènìyàn lórí aago, nítorí pé tẹlifóònù àtijọ́ ń dún bí agogo.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tí ó ti sin ẹ̀rọ púpọ̀. Nígbà tí Henry Townsend fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ń gba orí òpó láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tẹ wáyà. Akọ̀wé ọ́fíìsì tẹ lẹ́tà. Lónìí, ọmọdé ń tẹ nọ́ńbà, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: à- + tẹ̀ + jẹ́ + iṣẹ́. Ilẹ̀ Íńdíà pàápàá ti pa iṣẹ́ wáyà ti ìjọba rẹ̀ tì ní ọdún 2013. Ọ̀rọ̀ ìṣe tẹ̀ kò fẹ̀yìn tì.

Irú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí ń fún olùkọ́ ní àǹfààní láti kọ́ni ní ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ láìlo àpẹẹrẹ tí ó jìnnà sí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún ń fi hàn pé èdè Yorùbá kò jókòó kí ó máa dúró de ọ̀rọ̀ àyálò. Ó ń fi ohun tí ó ní lọ́wọ́ gba àlejò.

Ìlànà ìkọ́ni

Ìlànà yìí wà fún kíláàsì SS 2, fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì oníṣẹ́jú 40 àti iṣẹ́ àṣetiléwá kan láàárín wọn. Olùkọ́ èdè Igbo, Hausa tàbí èdè mìíràn lè fi ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀ rọ́pò àwọn àpẹẹrẹ.

Èròǹgbà: Ní ìparí ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (i) túpalẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ àṣẹ̀dá márùn-ún tí ó jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tàbí ti iṣẹ́ ẹ̀rọ, (ii) sọ ìyàtọ̀ láàárín ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, (iii) fi ọ̀wọ̀ fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà kan lẹ́nu wò, kí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀.

Ohun èlò: Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí ó bá wà ní àrọ́wọ́tó, bí kásẹ́ẹ̀tì, rédíò oníbátìrì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì. Ohun tí ọwọ́ lè bà dára ju àwòrán lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Olùkọ́ gbé ẹ̀rọ náà ka iwájú kíláàsì láìdárúkọ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé wọ́n ń fi í ṣe, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tuntun ní Yorùbá. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí tán ni kí olùkọ́ tó sọ orúkọ tí àwọn àgbà fún un. Àkàwé láàárín orúkọ méjèèjì yóò fi ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan rí hàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí olùkọ́ kọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán sí ojú pátákó, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé má kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n ṣàṣìṣe náà ná, kí ó tó fi hàn wọ́n pé a- + mú + ohùn + mú + àwòrán ni ìpìlẹ̀ èkejì. Fáwẹ̀lì ‘mú’ ni ó jẹ́, tí ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sí orí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e. Ìyísódì kò sí nínú rẹ̀ rárá. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé àmì ohùn àti ìpajẹ kì í ṣe ìdààmú inú ìwé gírámà; ìtumọ̀ rọ̀ mọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí akẹ́kọ̀ọ́ túpalẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ (ì- + gbé + ohùn + sí + afẹ́fẹ́), agbohùnsílẹ̀ àti àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ béèrè bóyá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá àpótí oníwáyà mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé inú wáyà ni ohùn ti àpótí náà gbà dé inú ilé, pé kò gba afẹ́fẹ́, ti lóye ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rọ papọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 lọ, kí ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ wo ni ẹ kọ́kọ́ fi gbọ́ ìròyìn? Kí ni ẹ̀ ń pè é nílé yín? Àwọn èdè wo ni ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?’ Ní àwọn ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ìnísà, kí olùkọ́ rán wọn sí àwọn tí wọ́n ti gbé ní Ghana rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wálé lẹ́yìn àṣẹ ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, tí ó fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde kúrò ní Ghana. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà ti lé ní ẹni ọdún 65 báyìí. Ọ̀rọ̀ Twi, Ga tàbí Hausa tí ó bá kù sí ẹnu irú wọn, etí ni wọ́n fi gbà á, kò sí ìwé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí yìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ní sáà kejì, kí kíláàsì ṣe ‘wákàtí àpótí’. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ka ìròyìn ìṣẹ́jú kan láti inú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní èdè abínibí mìíràn, bí Ẹ̀gùn, Ẹ̀bìrà, Igbo tàbí Hausa, kí wọ́n gbà á láàyè láti kí kíláàsì ní èdè náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn rẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn yòókù yóò gbọ́, wọn yóò sì dáhùn ìkíni náà bí ó ti kọ́ wọn. Ètò àjọgbọ́ tí wáyà Accra ń gbé kiri ti padà báyìí, pẹ̀lú ohun kan tí kò ní tẹ́lẹ̀: èsì.

Ìgbéléwọ̀n: Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀rọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n ṣẹ̀dá orúkọ Yorùbá fún un, kí wọ́n túpalẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí orúkọ náà yóò fi hàn nípa wọn ní ọdún 50 sí i. Kí máàkì wà fún ìtúpalẹ̀ àti àmì ohùn ju ẹwà orúkọ lọ.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àpótí rédíò oníwáyà ìlú Accra kógbá sílé nítorí pé ohun tí ó sàn jù ú lọ dé, àti pé ìdájọ́ náà tọ́. Ó tún fi hàn pé ohun méjì ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀: orúkọ tí ó kún fún ọgbọ́n ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, àti ètò ìgbọ́ràn tí ẹ̀rọ tuntun kò gbé dání wá. Orúkọ náà wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ètò ìgbọ́ràn náà kò ní padà bí olùkọ́ kò bá dá a padà.

Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kó kásẹ́ẹ̀tì, rédíò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́ dànù nítorí pé kọ̀ǹpútà ti dé, ó dára kí olùkọ́ èdè tọrọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn sí inú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì rẹ̀. Àyè tí wọn yóò gbà níbẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ yóò rí fà yọ lára wọn sì pọ̀.